Ìsìláàmù àti Òṣèlú Alákatakítí ní Ìlú Ọba: Ibi Tí Wọ́n Ti Pàdé àti Ibi Tí Wọ́n Ti Pínyà

Nígbà tí ìròyìn bá jáde pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ tàbí àdó olóró pa ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Manchester, tí wọ́n sì fi kún un pé Mùsùlùmí ni ẹni náà, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwa tí a gbọ́ ọ. Àwọn kan á ní ohun tí ẹ̀sìn náà fi ń kọ́ni nìyẹn. Àwọn mìíràn á dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ náà kò kan Ìsìláàmù rárá, pé wèrè kan ló dá a ṣe. Ti àkọ́kọ́ ń ba ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórúkọ jẹ́. Ti èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, kò jẹ́ kí a rí orísun ìṣòro náà. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé nǹkan mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra ni a máa ń pè ní ọ̀kan: ẹ̀sìn tí ènìyàn ń sìn, ìlànà òṣèlú kan tí ó ń lo orúkọ ẹ̀sìn yẹn, àti ìpànìyàn tí díẹ̀ lára àwọn tó gba ìlànà òṣèlú náà gbọ́ sọ di iṣẹ́. Ìlú Ọba ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ní ènìyàn níbẹ̀, àti nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti kan orúkọ wa gbọ̀ngbọ̀n rí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìsìláàmù kì í ṣe àlejò àná ní Ìlú Ọba. Ọdún 1889 ni agbẹjọ́rò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti gba Ìsìláàmù, Abdullah Quilliam, ṣí mọ́sálááṣí sí ìlú Liverpool. Ọkùnrin yìí kan náà ni Súlútáànì ilẹ̀ Túrkì rán wá sí Èkó ní ọdún 1894 láti ṣojú rẹ̀ níbi ìṣílé mọ́sálááṣí tí Mohammed Shitta kọ́, níbi tí wọ́n ti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá, tí ìdílé náà fi ń jẹ́ Shitta-Bey títí di òní. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn Mùsùlùmí wá pọ̀ níbẹ̀ gan-an, bí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ àti irin ṣe ń wá òṣìṣẹ́ láti Pakistan, Íńdíà àti ilẹ̀ tí ó wá di Bangladesh. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé Mùsùlùmí tó wà ní England àti Wales tó mílíọ̀nù 3.9, ìyẹn ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn ibẹ̀. Wọn kò ní olórí kan ṣoṣo, èdè wọn kò dọ́gba, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kéwú kò sì dọ́gba. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá, ní mọ́sálááṣí tiwọn ní Old Kent Road ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó ń ká ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí lára kò ju ohun tó ń ká aládùúgbò wọn lára lọ: owó ilé, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, àti àìsàn àwọn òbí tó ti dàgbà.

Ìlànà òṣèlú tí mo ń sọ kéré lọ́jọ́ orí sí ẹ̀sìn náà púpọ̀púpọ̀. Ní ọdún 1924 ni ìjọba Túrkì fi òpin sí ipò kàlífà, ìyẹn ipò olórí gbogbo Mùsùlùmí, nígbà tí ó sì jẹ́ pé abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tàbí Dọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Mùsùlùmí wà. Nínú ìtìjú àti ìbínú ìgbà yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ kan ti jáde. Hasan al-Banna dá Ẹgbẹ́ Ará Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Íjíbítì ní ọdún 1928, Abul A'la Maududi dá Jamaat-e-Islami sílẹ̀ ní Íńdíà ní ọdún 1941, Taqiuddin al-Nabhani sì dá Hizb ut-Tahrir sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1953. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu kò lórí pé Ìsìláàmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun àti àwẹ̀ nìkan, pé ètò ìjọba tó pé pérépéré ni, àti pé òfin tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò yẹ kó borí òfin Ọlọ́run. Púpọ̀ nínú àwọn tó gba èyí gbọ́ ló ń du ipò nínú ìdìbò bí olóṣèlú yòókù. Sayyid Qutb ti ilẹ̀ Íjíbítì ló tì í kọjá ibẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àwọn ìjọba ìgbà tirẹ̀, títí kan ti àwọn tó ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí, ti padà sí àìmọ̀kan ayé ìbọ̀rìṣà, pé kí àwọn olóòótọ́ díẹ̀ kóra jọ láti bì wọ́n ṣubú. Ìjọba Nasser, ààrẹ Íjíbítì nígbà náà, so ó rọ̀ ní ọdún 1966, ikú rẹ̀ sì mú kí ìwé rẹ̀ túbọ̀ tàn kálẹ̀. Bí ẹ bá wo ẹ̀kọ́ yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun tó máa ń wà nínú òṣèlú alákatakítí gbogbo ló wà níbẹ̀: ọ̀tá tí a lè dárúkọ, ẹ̀dùn ọkàn tí ó jẹ́ òótọ́ ní apá kan, ìjọba pípé kan tí a ṣèlérí, àti àwọn ọ̀dọ́ tí a sọ fún pé àwọn nìkan ni wọ́n lajú.

Omar Bakri Muhammad, ọmọ ilẹ̀ Síríà tí wọ́n lé kúrò ní Saudi Arabia, ló gbé irú òṣèlú yìí sí ojú òpópónà Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé Ìlú Ọba ní ọdún 1986, ó darí ẹ̀ka Hizb ut-Tahrir níbẹ̀, ó sì yapa ní ọdún 1996 láti dá Al-Muhajiroun sílẹ̀. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹgbẹ́ yìí, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó bá wọn rìn ni orúkọ wọn ń jáde nínú ìwà ìpànìyàn kan tẹ̀lé òmíràn. Wọn kì í ní kí ènìyàn lọ ju àdó olóró. Wọ́n á tẹ́ tábìlì sí ìta ọjà, wọ́n á pín ìwé pélébé, wọ́n á bá ọ̀dọ́ tó ń kọjá sọ̀rọ̀ nípa ogun Bosnia, Iraq tàbí Palestine, wọ́n á sì pè é sí kíláàsì nínú yàrá kan tí wọ́n háyà. Mọ́sálááṣí púpọ̀ ló lé wọn, nítorí náà ìta ni wọ́n ti sábà ń pín ìwé wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n á sọ fún ọmọ náà pé àfáà rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ti ta ẹ̀sìn fún ìjọba, pé èèwọ̀ ni ìdìbò, pé àwọn kéréje yìí nìkan ló kù lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń gé ènìyàn kúrò lára àwọn tó lè bá a wí nìyẹn. Ní ọdún 2004 wọ́n ní àwọn ti tú ẹgbẹ́ ká, síbẹ̀ orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Bí ìjọba bá fòfin de ọ̀kan, òmíràn á yọrí. Ọdún 2010 ni wọ́n fòfin de Al-Muhajiroun àti Islam4UK, ọ̀kan lára àwọn orúkọ tuntun wọn. Omar Bakri ti sá lọ sí Lẹ́bánónì láti ọdún 2005, tí Anjem Choudary, agbẹjọ́rò tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, sì ti gba ipò rẹ̀. Choudary mọ òfin dáadáa, ó sì mọ bí a ṣe ń rìn ní bèbè rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ó sọ̀rọ̀ àtìlẹ́yìn fún ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó gba ilẹ̀ ní Síríà àti Iraq, ni wọ́n tó rí i mú: ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ni wọ́n dá fún un ní 2016, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2024 wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, tí kò lè kéré sí ọdún 28, nítorí pé ó ń darí ẹgbẹ́ tí wọ́n ti fòfin dè náà.

Irú òṣèlú yìí nílò òṣèlú ìkórìíra ti ìhà kejì kí ó tó lè gbèrú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, àwọn díẹ̀ lára ọmọlẹ́yìn ẹgbẹ́ yìí jáde sí ìgboro Luton láti bú àwọn sójà tó ń yan bọ̀ láti ojú ogun Iraq. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí English Defence League fi jáde láti ìlú kan náà, tí wọ́n ń wọ́de láti ìlú dé ìlú lòdì sí Ìsìláàmù. Ẹgbẹ́ méjèèjì wá ń fi ara wọn ṣe ẹ̀rí: èkíní á ní ẹ wò ó, Gẹ̀ẹ́sì kórìíra yín, èkejì á ní ẹ wò ó, Mùsùlùmí fẹ́ gba ìlú yín. Àwọn Mùsùlùmí Luton, tí púpọ̀ wọn bínú sí àwọn tó bú sójà náà, ni wọ́n há sí àárín.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Woolwich, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni yóò jẹ́ kí a rí bí ẹ̀sìn àti òṣèlú ṣe ń wé mọ́ra nínú ọkàn ẹni kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkùnrin méjì fi mọ́tò gbá sójà kan tí ń jẹ́ Lee Rigby, wọ́n sì fi ọ̀bẹ pa á ní ọ̀sán gangan. Wọn kò sá. Ọ̀kan nínú wọn dúró síwájú ẹni tó ń fi fóònù ya fídíò, tòun ti ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ni Michael Adebolajo àti Michael Adebowale. Kò sí Yorùbá kan tí ọkàn rẹ̀ kò gbọgbẹ́ nígbà tí ó gbọ́ orúkọ yẹn lórí rédíò. Ìlú Ọba ni wọ́n dàgbà sí, nínú ìdílé Kírísítẹ́nì ni wọ́n sì ti tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n di ọ̀dọ́ ni wọ́n gba Ìsìláàmù. Adebolajo ti máa ń bá àwọn Al-Muhajiroun jáde ìwọ́de.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó sọ nínú fídíò náà. Ó ní àwọn ṣe é nítorí pé sójà Ìlú Ọba ń pa Mùsùlùmí lójoojúmọ́. Ó dárúkọ Súrátù Tawba nínú Àlùkùráánì, ó ní ó di dandan fún àwọn láti bá wọn jà bí wọ́n ṣe ń bá àwọn jà. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn tó ń wò ó, ó ní kí wọ́n yọ ìjọba wọn kúrò nítorí pé ìjọba náà kò bìkítà fún wọn. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí, ogun àti ìjọba ni ó gba ibi tó pọ̀ jù, ẹsẹ Àlùkùráánì sì ni ó fi de gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó lè dà bí àṣẹ Ọlọ́run. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ náà kò kan ẹ̀sìn gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Súrátù Tawba ń wá níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀sìn ló fà á gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí àwọn mílíọ̀nù tó ń ka súrà kan náà nílé àti ní mọ́sálááṣí kò fi mú ọ̀bẹ. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ti ṣàlàyé tipẹ́ pé àwọn ẹ̀yà Lárúbáwá tó da májẹ̀mú ní ayé Ànábì ni àwọn ẹsẹ ogun inú rẹ̀ ń bá wí, àti pé kò sí ẹnì kan tó lè fúnra rẹ̀ kéde ogun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Muslim Council of Britain, àjọ tó kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ibẹ̀ pọ̀, bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn yìí. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2014, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ayé fún Adebolajo láìsí ìrètí ìdásílẹ̀, wọ́n sì ní Adebowale kò gbọ́dọ̀ lo iye tó kéré sí ọdún 45 lẹ́wọ̀n.

Lójú tèmi, ibi tí Ìsìláàmù àti òṣèlú yìí ti pàdé nìyẹn: ẹ̀sìn ni ó ti ń yá ọ̀rọ̀, ọlá àti ìlérí ọ̀run tí ó fi ń borí ẹ̀rí ọkàn ọ̀dọ́. Ìdí nìyí tí kò fi lè tó kí olóṣèlú kan dìde láti sọ pé Ìsìláàmù tòótọ́ kò rí bẹ́ẹ̀; ẹnu àfáà tó mọ tírà ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń wọni létí. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rò pé bí ènìyàn bá ṣe ń jinlẹ̀ sí i nínú ẹ̀sìn ló ṣe ń súnmọ́ ìpànìyàn. Ní ọdún 2014, ilé ẹjọ́ kan gbọ́ ẹjọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Birmingham tí wọ́n lọ jagun ní Síríà. Wọ́n rí i pé kí wọ́n tó gbéra, wọ́n ra ìwé tí a kọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìpìlẹ̀ Ìsìláàmù àti Àlùkùráánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́ tó ti kéwú débi pé ó mọ ibi tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ti wá ṣòro láti tàn ju ẹni tí kò mọ nǹkankan lọ.

Mọ́sálááṣí Brixton tún jẹ́ kí èyí hàn kedere. Àwọn Salafi ló ń darí rẹ̀, àwọn tó máa ń tẹ̀lé ìlànà ẹ̀sìn tímọ́tímọ́, láti orí irùngbọ̀n títí dé aṣọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìmúra àti ìle koko nínú ẹ̀sìn la fi ń mọ alákatakítí, ibẹ̀ ni à bá kọ́kọ́ nàka sí. Àmọ́ àwọn ni wọ́n lé Zacarias Moussaoui jáde nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ ogun wá tí ó sì ń rọ àwọn ènìyàn sí ìjà. Ọkùnrin náà ni ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà wá dá ẹ̀wọ̀n gbére fún lórí ọ̀rọ̀ ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Ìgbà tí Brixton lé irú wọn ni wọ́n ń rí ààyè ní mọ́sálááṣí Finsbury Park, níbi tí Abu Hamza ti ń ṣe wáàsí ìkórìíra láti ọdún 1997. Àwọn tó kọ́ mọ́sálááṣí náà gbìyànjú láti mú un kúrò, agbára wọn kò ká a. Ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 2003, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, Abu Hamza sì jókòó sí títì níwájú rẹ̀ tó ń ṣe wáàsí Jímọ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Àwọn alákòóso tuntun ṣí i padà ní ọdún 2005. Nítòsí ibẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí ìkórìíra ti wọ̀ lórí wa mọ́tò lu àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìrun òru Ràmàdáánì, ó sì pa ẹnì kan. Àwọn èrò fẹ́ lù ú pa, lèmọ́mù tó ń jẹ́ Mohammed Mahmoud sì dúró lé e lórí, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí ọlọ́pàá fi dé.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí fojú kéré ewu náà. Ọga àgbà MI5 sọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 pé nínú iṣẹ́ tí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ń ṣe lórí ìwà agbésùnmọ̀mí, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ ti àwọn tó ń lo orúkọ Ìsìláàmù, tí ìyókù sì jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìkọlù ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2005 pa ènìyàn 52 nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì. Lára wọn ni Anthony Fatayi-Williams, ọmọ Nàìjíríà ẹni ọdún 26. Ìyá rẹ̀, Marie, fò wá láti Èkó, ó dúró nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì náà ti bú gbàmù pẹ̀lú àwòrán ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń bi gbogbo ayé pé níbo ni ọmọ òun wà. Orúkọ Mùsùlùmí wà lára orúkọ ìdílé yẹn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára orúkọ ọ̀pọ̀ Kírísítẹ́nì nílẹ̀ Yorùbá. Kò sí ọ̀nà tí àdó olóró lè gbà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni àìmọ̀ láti ìhà kejì ṣe ń pani lára. Nígbà tí wọ́n pa àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta ní Southport ní oṣù Keje ọdún 2024, irọ́ kan ràn ká íntánẹ́ẹ̀tì pé Mùsùlùmí tó wá ibi ìsádi ló ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn jàǹdùkú ń sọ òkò lu mọ́sálááṣí ìlú náà. Cardiff ni wọ́n bí apànìyàn yẹn sí, Kírísítẹ́nì láti Rùwáńdà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n bá ìwé ìkọ́ni ẹgbẹ́ al-Qaeda nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, síbẹ̀ ìwádìí kò rí ìlànà òṣèlú tàbí ẹ̀sìn kan pàtó tó ń tẹ̀lé. Ìfẹ́ sí ìpànìyàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n rí.

Òfin ilẹ̀ náà kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan. Òfin ọdún 2000 sọ pé ìwà agbésùnmọ̀mí ni kí ènìyàn hu ìwà ipá tàbí kó fi halẹ̀ láti fi darí ìjọba tàbí láti dẹ́rù ba ará ìlú, nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí ìgbàgbọ́ mìíràn. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fòfin de ISIS, àwọn ẹgbẹ́ tó ń bọ Hitler, àti Hizb ut-Tahrir ní oṣù Kíní ọdún 2024. Ibi tí ó ti ṣòro ni ìwà alákatakítí tí kò tíì dé orí ìwà ipá, nítorí pé èrò ọkàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìjọba gbé àlàyé tuntun jáde lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tó dá lórí ẹ̀kọ́ ìwà ipá, ìkórìíra tàbí àìlèfaradà tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn tàbí kó bi ìjọba tiwantiwa wó, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún, kì í ṣe ohun tí ilé ẹjọ́ lè fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ètò tí àwọn òbí máa ń bẹ̀rù jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Prevent. Láti ọdún 2015 ni òfin ti fi dandan lé e pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ìjọba ìbílẹ̀ máa kíyè sí ẹni tó jọ pé wọ́n ń fà sínú ìwà agbésùnmọ̀mí. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí gbà pé ètò náà sọ olùkọ́ di amí lórí ọmọ wọn, ẹ̀sùn yẹn sì ní ìdí, nítorí pé wọ́n ti fi orúkọ àwọn ọmọdé kan ránṣẹ́ rí nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn mìíràn ní ètò náà kò tiẹ̀ le tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi orúkọ apànìyàn Southport ránṣẹ́ sí i, tí wọ́n sì ń pa fáìlì rẹ̀ dé. Láti ọdún ìṣirò 2020/2021 wá ni iye àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń ju ti àwọn tó ń lo orúkọ Ìsìláàmù lọ. Bí orúkọ ọmọ ènìyàn bá dé ibẹ̀, ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ náà ni kì í sì í kọjá ibẹ̀. Àwọn tó bá kù á dé iwájú ìgbìmọ̀ Channel, níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́ àti elétò ìlera ti ń jókòó. Wọ́n lè ní kí lèmọ́mù kan tó mọ̀ nípa irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n bá a wá iṣẹ́ tàbí ìtọ́jú ọpọlọ. Wọn kò lè fi dandan mú ọmọ náà tàbí òbí rẹ̀ gba ìrànlọ́wọ́ yìí, fífi orúkọ ẹni ránṣẹ́ kò sì túmọ̀ sí pé ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan.